Ta Ló Sọ Pé Hítà Kámíọ̀ Kò Wúlò ní Kétu?

Ẹ gbé kámíọ̀ tí hítà rẹ̀ kò mú ooru wá mọ́ lọ sí gáréèjì láàárín Sakété sí Kétu nígbà ọyẹ́, kí ẹ sì gbọ́ ìdájọ́ tí wọn yóò dá. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan rọ́bà, ẹnikẹ́ni kò ní bi yín bóyá omi ràdíétọ̀ ń dín. Ọ̀gá á kàn rẹ́rìn-ín: “Hítà kẹ̀? Ṣé Paris lẹ fẹ́ wà á lọ ni?” Lẹ́yìn náà ni yóò rán ọmọ iṣẹ́ pé kó lọ wá páìpù irin kúkúrú kan wá. Wọ́n á gé rọ́bà méjèèjì tó ń gbé omi gbígbóná wọ kábìnnì, wọ́n á fi irin yẹn so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ hítà sì parí nìyẹn. Nígbà tí gíríìsì ti kúkú bá wọn lọ́wọ́, wọ́n á bá yín yọ tẹ́mósítáàtì náà, èyí tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ lédè Faransé ń pè ní kalọsitá, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́yìn gáréèjì. Ẹ ó dúpẹ́, ẹ ó sanwó, ẹ ó sì máa wakọ̀ lọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé wọ́n bá yín tún un ṣe.

Wọn kò tún nǹkan kan ṣe. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n pa.

Èrò tí mo ń bá jà kò fara sin. Ó ní ilẹ̀ olóoru ni tiwa, pé hítà àti tẹ́mósítáàtì jẹ́ ẹrù tí àwọn Òyìnbó dì mọ́ ọkọ̀ nítorí yìnyín tiwọn, pé ẹni tó bá fẹ́ kí kámíọ̀ rẹ̀ pẹ́ ní Áfíríkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já ẹrù náà sílẹ̀. Awakọ̀ gbà á, ọlọ́kọ̀ gbà á, ọmọ iṣẹ́ tó bá gba òmìnira lọ́la á gbé e lọ sí gáréèjì tirẹ̀. Bí ẹ bá ta kò ó, wọ́n á ní ìwé lẹ kà, ẹ kò mọṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé hítà tí kò gbóná mọ́ kì í sábà dá ṣàìsàn. Omi tó ń mú un gbóná náà ló ń gba ara ẹ́ńjìnnì kọjá. Bí omi yẹn bá dín, tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀, tí kò yí dáadáa, tàbí tí kò gbóná tó, ara hítà ni yóò ti kọ́kọ́ hàn, nígbà tí abẹ́rẹ́ géèjì ṣì ń sùn. Ẹni tó gé hítà kúrò nítorí pé kò gbóná ti gbàgbé ohun tí àwọn àgbà sọ fún wa: bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mi ò ní rẹ́ àwọn mẹkáníìkì jẹ o. Èrò wọn kò ṣàdédé wá. Òkè Kétu kì í ṣe ibi tí kámíọ̀ ti ń ṣeré. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onígbólò wà lágbègbè Pobè, ti Massè wà lágbègbè Adja-Ouèrè, ọkọ̀ tó ń ru sìmẹ́ńtì nínú wọn kì í sì ru díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn kámíọ̀ wọ̀nyí ti ṣiṣẹ́ dàgbà nílẹ̀ Yúróòpù kí wọ́n tó gba èbúté Kútọnu wọlé, nínú ọjà àlòkù tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ràdíétọ̀ wọn ti dí dé ìdajì, bẹ́líìtì fáànù ti ń yọ̀, tẹ́mósítáàtì inú wọn sì ti darúgbó. Nínú oòrùn oṣù kẹta, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, tẹ́mósítáàtì ògbólógbòó kan á tì pa, kò ní ṣí mọ́. Omi á hó, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, owó ńlá á lọ. Mẹkáníìkì tó bá yọ tẹ́mósítáàtì yẹn lójú ọ̀nà, tó rí i pé ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, kò ní gbàgbé ọjọ́ náà láéláé. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ohun tó fi yọ nínú ewu lọ́jọ́ kan ló sọ di òfin fún gbogbo ọjọ́, tó sì fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ òtútù kúrò nílẹ̀ ná, nítorí òun ló rọrùn jù láti dáhùn. Ta ló sọ pé òtútù kò sí lórí òkè Kétu? Ẹni tó bá ti jí gbé ẹrù láago márùn-ún ìdájí lóṣù kejìlá tàbí oṣù kíní mọ̀ pé ooru ojú ọ̀run lè já sí abẹ́ ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pé atẹ́gùn gbígbẹ tó ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá máa ń wọlé gba ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn kámíọ̀ àlòkù, pé ètè ń là, ọwọ́ ń kú lórí sítiárìn. Mo gbà pé èyí kì í ṣe òtútù tó ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n kámíọ̀ kì í gbé Kétu. Èyí tó kó sìmẹ́ńtì lónìí lè kó òwú bọ̀ láti Kandi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ààlà Malanville tó dojú rú lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù keje 2023 ní Niger, àwọn awakọ̀ wa ń gba ibẹ̀ lọ sí Niamey, àwọn mìíràn sì ń bá a lọ dé Agadez, níbi tí òru oṣù kíní ti ń lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 10. Ẹni tí hítà rẹ̀ ti di páìpù irin, kí ni yóò fi sùn níbẹ̀? Àwọn kan ń gbé ìkòkò èédú wọ kábìnnì, wọ́n á ti gíláàsì, wọ́n á sùn. Èéfín èédú tí kò lóòórùn yẹn kì í jí ènìyàn kó tó pa á. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ kò bá gba ohunkóhun gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ gba èyí gbọ́.

Ìgbà òjò, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí hítà, ló tún burú ju ìgbà ọyẹ́ lọ. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, kámíọ̀ tí ènìyàn mẹ́ta jókòó sí iwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù á mú kí gíláàsì iwájú bò fún ọ̀rinrin láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ti kú tipẹ́ nínú púpọ̀ nínú wọn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí hítà ń fẹ́ sí gíláàsì ni wọ́n ṣe fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná ló lè gba ọ̀rinrin mọ́ra kó sì kó o kúrò lójú gíláàsì. Kí ni a wá ń rí? Awakọ̀ kan tó fi ọwọ́ kan di sítiárìn mú, tó ń fi èkejì nu gíláàsì pẹ̀lú àkísà, nígbà tí ọlọ́kadà kan tó di gálọ́ọ̀nù kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, mọ́ ara alùpùpù rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì ń bọ̀ níwájú. Gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà Pobè sí Kétu mọ ọlọ́kadà tí mo ń wí, epo bẹntiróòlù tó gbé lẹ́yìn tó láti jó kámíọ̀ àti abúlé. A kò gbọ́dọ̀ máa fi àkísà ríran nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí a tún máa sọ pé hítà jẹ́ fàájì Òyìnbó.

Ṣùgbọ́n ká ní òtútù kò tilẹ̀ sí rárá, ká ní òjò kì í rọ̀, ẹjọ́ mi kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Hítà kámíọ̀ kò ju ràdíétọ̀ kékeré kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù lọ. Nínú agbára tó wà nínú epo dísù tí ẹ́ńjìnnì jó, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń yí táyà, ìdá kan ń bá èéfín jáde, èyí tó kù sì ń wọ inú omi. Ooru tó wọ inú omi yìí ni ràdíétọ̀ ńlá iwájú ń sọ nù, hítà sì ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún awakọ̀. Kò gba epo kún un. Ooru tí wọ́n ì bá dà nù ni. (Àfi ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa Magirus-Deutz àtijọ́, tí afẹ́fẹ́ ń tù lára dípò omi: tiyín yàtọ̀, ẹ sì ti mọ̀ pé hítà yín kò lágbára láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ Yúróòpù kan wà tí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́, irú ti Webasto tàbí Eberspächer, tó ń fúnra rẹ̀ jó dísù láti mú ibùsùn awakọ̀ gbóná. Ìyẹn ní ìtọ́jú tirẹ̀.) Nítorí pé omi kan náà ló ń yí nínú méjèèjì, ohun tí hítà bá ń sọ, ẹ́ńjìnnì ló ń sọ ọ́.

Báwo la ṣe ń gbọ́ ọ? Kò gba kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ẹni ló gbà àti ìdájí ọyẹ́ kan, kí ẹ́ńjìnnì tó jẹ iná. Ẹ kọ́kọ́ wo omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, torí ìdérí ràdíétọ̀ gbígbóná ti bó ojú ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́. Bí omi bá lọ sílẹ̀, ẹ ti mú ọ̀daràn àkọ́kọ́ nìyẹn. Hítà sábà máa ń wà lókè ju ọ̀pọ̀ ibi tí omi ń gbà lọ. Tí omi bá dín, afẹ́fẹ́ ló ń gorí lọ jókòó sínú rẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ìró kùlùkùlù lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo. Ìró yẹn kò ní kí ẹ gé hítà. Ìbéèrè ló ń béèrè: níbo lomi ń lọ? Ó lè jẹ́ ìdérí tí kò di agbára mú mọ́. Ìdérí tó dára tó ń ti omi mọ́lé pẹ̀lú agbára bíi báà (bar) kan ń jẹ́ kí omi gbóná dé bí ìwọ̀n 120 kó tó hó, èyí tó ti bàjẹ́ á jẹ́ kó hó ní 100, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó lè jẹ́ pọ́ǹpù omi tó ń jò. Bí ẹ bá sì ti kún un, tí ẹ ti fa afẹ́fẹ́ jáde níbi ìdè kékeré tí wọ́n ṣe fún un, tí afẹ́fẹ́ tún ń padà wá lójoojúmọ́, ẹ lọ wo gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, nítorí èéfín ni ó ń wọ inú omi. Ọlọ́kọ̀ tó bá gbọ́ èyí ní ìdájí ọyẹ́ á pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ti gé hítà rẹ̀ á gbọ́ ọ lóṣù kẹta lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nígbà tí orí ẹ́ńjìnnì bá ti tẹ̀.

Bí omi bá pé, ẹ ta ẹ́ńjìnnì, ẹ rìn díẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì dísù tó kàn ń mí lójú kan kì í mú ooru púpọ̀ jáde, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹ padà, ẹ pa á, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan rọ́bà méjèèjì tó ń wọ kábìnnì. Bí àwọn méjèèjì bá gbóná janjan tí awakọ̀ sì ń gbọ̀n, ẹ fi omi sílẹ̀, ẹ wá afẹ́fẹ́ lọ. Ó lè jẹ́ fáànù hítà ni kò yí, tàbí okùn tó ń ṣí pákó kékeré inú rẹ̀ ti já, tàbí kí eruku pupa òkè Kétu, pẹ̀lú ti ọyẹ́, ti dí ojú hítà pa bí ògiri. Iṣẹ́ kékeré nìyẹn, kò ju ìdajì wákàtí lọ. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, omi kò rí inú hítà gbà kọjá: ìpẹtà àti èérí ti dí i, tàbí ẹnu ọ̀nà omi rẹ̀ ti tì. Ẹ rántí pé ohun tó dí hítà kò ṣẹ̀dá ara rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ihò tóóró inú ràdíétọ̀ ńlá náà ń mu nínú omi kan náà. Bí méjèèjì bá kàn lọ́wọ́ọ́rọ́, tí rọ́bà òkè ràdíétọ̀ sì ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ta ẹ́ńjìnnì, tẹ́mósítáàtì ló ṣí sílẹ̀ gbagada, tàbí kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ti kúrò ní gáréèjì lọ́dún tó kọjá, ẹ mọ ibi tó lọ.

Èyí gan-an ni ibi tí ìjà wà.

Tẹ́mósítáàtì jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré kan láàárín ẹ́ńjìnnì àti ràdíétọ̀. Irú èyí tó wọ́pọ̀, tí Sergius Vernet ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní àwọn ọdún 1930, ìda ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí omi bá tutù, ilẹ̀kùn á tì, omi á máa yí nínú ẹ́ńjìnnì àti hítà nìkan títí á fi gbóná. Bó bá dé bí ìwọ̀n 82 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísù ńlá, ìda á yọ́, á wú, á ti ilẹ̀kùn sílẹ̀, omi á sì gba ọ̀dọ̀ ràdíétọ̀ lọ tutù. Ohun tí àwọn gáréèjì wa ń sọ ni pé ilẹ̀kùn tí kò sí kò lè tì pa, nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tí kò ní ilẹ̀kùn kò lè hó. Ó dùn létí. Irọ́ ni.

Ẹ tú tẹ́mósítáàtì ọkọ̀ ńlá yín kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí àwo pẹlẹbẹ kejì. Iṣẹ́ àwo yẹn ni pé bí ilẹ̀kùn ràdíétọ̀ bá ti ń ṣí, òun náà ń ti ọ̀nà àbùjá tí omi fi ń padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé ràdíétọ̀. Ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ dànù, ọ̀nà àbùjá ṣí sílẹ̀ títí ayé. Omi kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́, ibi tó bá rọrùn ló ń gbà, ọ̀nà kúkúrú yẹn ló sì rọrùn. Apá kan nínú omi gbígbóná yín á máa yí kiri inú ẹ́ńjìnnì láì rí ràdíétọ̀ rí. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo, tí oòrùn mú, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀ kó má baà hó ni yóò hó. Wọ́n á wá ní ràdíétọ̀ ló kéré, wọ́n á tún tà yín ní òmíràn.

Lọ́jọ́ tí kò bá hó ńkọ́? Á máa ṣiṣẹ́ ní tútù. Dísù tí wọ́n tú sínú sìlíńdà tutù kì í jó tán. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á fara mọ́ ògiri, á ṣàn lọ sínú ọ́ìlì, á sì sọ ọ́ di olómi jù. Omi tó ń jáde látinú jíjó epo kò ní gbẹ kúrò nínú ọ́ìlì tí kò gbóná, á dà pọ̀ mọ́ èéfín di àsìdì àti ẹrẹ̀ dúdú. Kámíọ̀ tó ń rú èéfín tó sì ń mu dísù ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ lórí ọ̀nà kan náà, inú ilé tẹ́mósítáàtì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó ní awakọ̀ ló ń tà á. Mo mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi so ìyà yìí mọ́ ohun tó fà á. Owó tẹ́mósítáàtì ni a ń san lẹ́ẹ̀kan, a sì ń rí i. Owó dísù tó ń ṣòfò, lítà díẹ̀díẹ̀ ni a ń san án, ọwọ́ awakọ̀ ni a sì ń nà sí.

Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé ilẹ̀ olóoru kò nílò rẹ̀, ẹ bá mi ní kó wo Arizona ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2023, ìlú Phoenix lo ọjọ́ 31 léra wọn, láti ìparí oṣù kẹfà dé ìparí oṣù keje, tí ooru ọ̀sán rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 43 lọ. Kétu kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ rí. Tírélà ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ pẹ̀lú tẹ́mósítáàtì nínú, pẹ̀lú hítà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń wa tírélà ní Kánádà báyìí, ní Winnipeg tí òtútù oṣù kíní lè wọ ìwọ̀n 30 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ bi wọ́n. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń fi aṣọ nípọn bo ojú ràdíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè gbóná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á ká aṣọ náà kúrò. Tẹ́mósítáàtì wà níbẹ̀ nígbà méjèèjì, nítorí ooru ẹ́ńjìnnì ló ń ṣọ́, kò mọ ooru ojú ọ̀run rí.

Omi náà kù. Bí wọ́n ti sọ pé hítà kò wúlò, ohun tó tẹ̀ lé e ni pé kúláǹtì, ohun olómi tí a ń pò mọ́ omi ràdíétọ̀, kò wúlò, torí yìnyín ni wọ́n ṣe é fún. Lóòótọ́, kúláǹtì tí a pò ní ìdajì-ìdajì pẹ̀lú omi kì í dì títí dé bí ìwọ̀n 37 sísàlẹ̀ òdo, ìyẹn kò sì kàn wá. Ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí omi pẹ́ kó tó hó, láti 100 lọ sí bí 107 láìka ìdérí kún un, ó sì ní àwọn oògùn nínú tí kì í jẹ́ kí irin pẹtà. Ìyẹn ló kàn wá. Lórí òkè Kétu, omi kì í ṣe nǹkan àwàdà, kànga jìn, èyí tó bá sún mọ́ ọmọ iṣẹ́ ni yóò bù. Ilẹ̀ agbègbè yìí kan náà ni wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì Onígbólò. Omi tó bá gba inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá ń gbé nǹkan kan dání, irú funfun líle tó ń gbá mọ́ ìdí kẹ́tùlù, ooru ẹ́ńjìnnì á sì yan án mọ́ ara irin. Hítà ló ní ihò tó kéré jù, òun ló ń kọ́kọ́ dí. Nígbà tó bá dí, wọ́n á gé e. Lẹ́yìn ọdún kan, ràdíétọ̀ á dí, wọn kò sì ní lè gé ìyẹn.

Nínú ẹ́ńjìnnì dísù ńlá tí omi ń fọwọ́ kan ara sílíìfù rẹ̀ (ìyẹn ògiri irin sìlíńdà), ewu kan tún wà tí ojú kì í rí. Nígbàkígbà tí dísù bá bú nínú sìlíńdà, sílíìfù ń gbọ̀n, ìgbọ̀n yẹn sì ń bí àwọn ìṣù afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń fọ́ mọ́ ara irin, wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Bí oògùn tó ń dáàbò bo irin kò bá sí nínú omi, ihò bíi ti ojú abẹ́rẹ́ á yọ láti ẹ̀yìn, omi á wọ inú ọ́ìlì, àwọn ènìyàn á sì máa wá ẹni tó sọ àsàsí sí ọkọ̀.

Àtakò tó dára jù tí mo ti gbọ́ sí gbogbo èyí kò wá láti ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òtútù. Ó ní: tẹ́mósítáàtì tó wà lọ́jà jẹ́ ayédèrú, ó lè tì pa láàárín oṣù kan, ta ni yóò san owó ẹ́ńjìnnì? Òtítọ́ wà níbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti Kútọnu títí dé ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, páálí tuntun kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n tẹ́mósítáàtì wà lára àwọn ohun díẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè dán wò kó tó sanwó. Ẹ fi okùn so ó sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìdí ìkòkò. Kò gbọ́dọ̀ ṣí nígbà tí omi kàn lọ́wọ́ọ́rọ́, ó gbọ́dọ̀ ṣí pátápátá kí omi tó hó, kó sì tì padà bó bá tutù. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ayédèrú bíréèkì náà wà lọ́jà, a kò tíì gbọ́ gáréèjì tó ní kí a máa wakọ̀ láìní bíréèkì.

Àtakò kejì ni pé hítà ògbólógbòó máa ń jò sí awakọ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ń jò, lóòótọ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn dídùn kan nínú kábìnnì, tí gíláàsì ń bò fún ọ̀rá tí àkísà kò lè nù tán, òun nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ jó o. Bí owó kò bá sí, tí ẹrù wà lórí ọkọ̀, mo gbà kí wọ́n fi irin so rọ́bà pọ̀ kí ọkọ̀ lè délé, bí mo ti gbà kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì tó tì pa lójú ọ̀nà láàárín òru. Ohun tí n kò gbà ni kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kí oṣù kan kọjá, kí a máa pe ọgbọ́n ojú ọ̀nà yẹn ní àtúnṣe. Nígbà tí ìjọba Benin ti wá ń fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ní ìwé ẹ̀rí CQM, àwọn tó ń dán wọn wò lè fi ìbéèrè kan kún un láìnáwó: kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan rọ́bà hítà méjèèjì, kó sì sọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tó bá ní àsọdùn ni gbogbo èyí, mo pè é síta. Kó mú kámíọ̀ kan ṣoṣo, awakọ̀ kan ṣoṣo, ẹrù sìmẹ́ńtì kan náà láti Onígbólò dé Kútọnu. Kó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìsí tẹ́mósítáàtì, kó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú èyí tó ti dán wò nínú ìkòkò. Kó rọ dísù kún táńkì dé ẹnu kó tó gbéra, kó tún kún un dé ẹnu nígbà tó bá padà, kó kọ lítà sílẹ̀ níṣojú ọlọ́kọ̀. Mo fẹ́ kí ọlọ́kọ̀ wà níbẹ̀, nítorí òun ló ti ń sanwó ẹ̀kọ́ yìí láti ìgbà yìí wá láìmọ̀.